Àwọn Ìwé Awò Tí O Ní Kò Sí Nílé Wa

Adjamé, nínú ṣọ́ọ̀bù

Rìsíkátù Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

N kò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le. Ọkọ rẹ wá síbí lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní ara rẹ le, ó ní iṣẹ́ tuntun rẹ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ó ní o tilẹ̀ sanra. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Èmi náà wà. Ìyá rẹ wà. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbúròó ara yín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Kíláàsì kẹta ni mo dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó kó mi wọ ọkọ̀ wá sí ilẹ̀ yìí, Yorùbá tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi nígbà náà ni mò ń ná títí di òní, kò sì tíì tán. Mo mọ̀ pé ìwé Yorùbá kò yá ọ lójú. Má fi ojú kà á. Kà á sókè, etí rẹ mọ ohun tí ojú rẹ kò mọ̀. Bí o bá dé ibi tó le, bi ọkọ rẹ. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, inú Bíbélì ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Yorùbá.

Òun náà ló fa ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kí n sọ pé iṣẹ́ tí o rán an ló fà á. Emanúẹ́lì wọlé, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, páálí ọjà kò jẹ́ kí àyè gbà á, ó wá tẹ̀ sílẹ̀ lágbedeméjì bí ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ já bọ́. Mo ní kó dìde.

"Bàbá, Rìsíkà ní kí n wá bá òun gbé páálí ìwé òun."

"Ìwé wo?"

"Ìwé awò, Bàbá. Èyí tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya dígí ojú lúnẹ́ẹ̀tì. Pàtírọ̀n rẹ̀ tuntun, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló ń bèèrè irú ìwé tí oníkálukú fi kọ́ṣẹ́. Ó ní àwọn ìwé àtijọ́ ló dára jù, pé kó kó wọn dání."

"Kò sí ìwé nílé wa."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣeré báyìí!"

"Àna mi, kò sí ìwé nílé wa. Bi ìyàwó rẹ. Òun ló sọ ọ́."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ra nǹkan tútù fún un, ó mu ún, ó fi ọwọ́ òfìfo padà sílé yín ní Cocody. Ọmọ dáadáa ni. Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwọ mọ̀ ọ́n.

Bí o bá sì ti gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọjọ́ tí àwọn àna wa pè wá jẹun nítorí iṣẹ́ tuntun rẹ ni. Ìyá ọkọ rẹ gbé ẹja yíyan àti àtíyéékẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe síwájú wa, ọwọ́ rẹ̀ dùn, n kò lè purọ́. Ó wá bi ọ́ ní Faransé pé níbo lo ti rí iṣẹ́ awò yìí kọ́, ó ní òun kò rí obìnrin nídìí rẹ̀ rí. O fi bébà nu ẹnu. O ní: "Yunifásítì ni, Màmá, àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Nílé wa, kò sí ìwé kankan. Ẹ mọ àwọn bàbá Nàgó, ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ń yọ egungun ẹja lọ́wọ́. Mo ń yọ ọ́ lọ.

Nínú tasí, ìyá rẹ kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá Rìsíkà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Faransé ni mo fi ń ná ọjà láti ìgbà tí o kò tíì mọ̀ mí. Ṣé èyí tí wọ́n fi ń pe ìwé ni kò ní yé mi?"

"Ẹ má bínú sí i. Ojú ló ń tì í láàárín wọn."

"Ojú kí ni? Ta ló jalè nínú wa?"

Awakọ̀ náà ń fi dígí wò wá lẹ́yìn. Mo yí ojú sí ọ̀sà.

A kì í fi ìka òsì júwe ilé bàbá ẹni, Àbẹ̀ní. Ìwọ kò tilẹ̀ fi ti òsì júwe rẹ̀. O ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní torí ìbínú jẹ gbèsè ìmọ̀ràn tí bàbá jẹ ọmọ tó gba iṣẹ́. O bèèrè ìwé. Màá sọ bí o ṣe máa kà wọ́n àti èyí tó yẹ kó ṣíwájú. Páálí fúnra rẹ̀, a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìparí.

Kọ́kọ́ rántí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ó jọ pé ilé ọkọ ti mú ọ gbàgbé. Anyama ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrù obì ni mo kọ́kọ́ ń rù, kí n tó di ẹni tó ń ṣa obì. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ gbànja ṣà bí èmi, ì báà jẹ́ àwa Nàgó ọmọ Yorùbá, ì báà jẹ́ Jùlá. Apẹ̀rẹ̀ tó bá ti gba ọwọ́ mi kọjá, àwọn oníbàárà tó ti Bamako wá kì í tú u wò mọ́. Àwọn obìnrin Jùlá ń pè mí ní wórótìgí, ẹni tó ni obì, bẹ́ẹ̀ n kò ní ẹyọ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

O mọ bí a ṣe ń tọ́jú obì. Mo mú ọ débẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, o ní òórùn ewé yẹn dùn mọ́ ọ. A kì í kó obì sápẹ̀rẹ̀ ká lọ sùn. A gbọ́dọ̀ máa tú u, ká kó ewé tó gbẹ kúrò, ká yí obì lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wo ikùn, ká wo ẹ̀yìn, ká yọ èyí tí kòkòrò ti lu, ká fi ewé tútù bò ó padà. Obì tí ẹnikẹ́ni kò bá yí, kòkòrò kan ṣoṣo tó láti sọ apẹ̀rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

Ìgbà tó yá, ohun tó bá súnmọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú mọ́ mi lójú. Mo fi pamọ́. Ọkùnrin tó ń fi ojú jẹun, ṣé ó máa pariwo pé ojú òun ń kọṣẹ́ ni? Obì oníhò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀gá mi ju ọ̀kan lù mí láyà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn: "Nàgó, ṣé ojú rẹ ti kú ni?" Ìbínú ni mo fi wọ gbàkà, ọkọ̀ akérò, wá sí Adjamé. Ọkùnrin kan gbé àtẹ lúnẹ́ẹ̀tì sẹ́bàá ọ̀nà, mo fi ọ̀kan sójú, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rí ilà ọwọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tán. Mo dúró síbẹ̀ mò ń wo ọwọ́ ara mi, àwọn aláàárù ń tì mí, wọ́n ń bú mi. Mo bi ara mi: mélòó ni àwọn tó wà ní Anyama tí ojú wọn ti rí bí tèmi, tí wọ́n ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá ọkọ wọn? Mo kó lúnẹ́ẹ̀tì kún àpò, mo padà. Inú àpò yẹn ni ṣọ́ọ̀bù yìí ti jáde. Inú rẹ̀ ni ilé Anoumabo ti jáde, Mẹ́kà ìyá rẹ, ilé ẹ̀kọ́ girama tí ẹ ń pè ní lísẹ̀, yunifásítì tí o fi ń yangàn lórí àtíyéékẹ́. Ta ló kọ́ mi? Èmi ni mo kọ́ ara mi.

Àwọn oníbàárà mi kò mọ̀wé, n kì í sì fi lẹ́tà gàdàgbà ara ògiri dójú tì wọ́n. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mò ń fún wọn. Lúnẹ́ẹ̀tì tí o bá fi rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́, tìrẹ nìyẹn, gbé e lọ. Àwọn dókítà ojú oníkóòtù funfun tó wà ní Plateau ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìmọ̀ràn kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan, jẹ́ kí n fi ṣíwájú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbóná lára mi, mo gbà pé lúnẹ́ẹ̀tì tó bá nípọn jù ló dára jù, bí oògùn tó bá korò jù. Aránṣọ kan wá, mo fún un ní èyí tó nípọn bí ìdí ìgò. Ó padà wá, ó dì í mọ́wọ́ bí òkúta: "Ẹ̀yin oníjìbìtì yìí, ilẹ̀ ń dìde pàdé ẹsẹ̀ mi!" Mo bá a jà. Mo ní ojú rẹ̀ kọ́ ni kò dára, orí rẹ̀ ni. Obìnrin náà lọ ròyìn mi fún gbogbo aránṣọ àdúgbò, ó pẹ́ kí wọ́n tó tún ẹnu ọ̀nà mi yà. Nítorí náà, Àbẹ̀ní, awò tí o bá yà, tí ẹ̀rọ bá ní ó dára, tí ìṣirò bá ní ó dára, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ní ilẹ̀ ń dìde pàdé òun, òun ló jàre. Ojú ni ọ̀gá. Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ, ọmọṣẹ́ ni yín.

Ó kan ìwé wàyí. Ṣé o rántí bí ìwé àkọ́kọ́ ṣe wọlé wa? Ẹ̀yìn tábìlì yìí ni o jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kanlẹ̀. O mú lúnẹ́ẹ̀tì méjì nínú àtẹ mi, o na èyí tó fẹ́lẹ́ jìnnà bí ọwọ́ rẹ ṣe gùn tó, o gbé èyí tó nípọn súnmọ́ ojú, o sì figbe ta: "Pàpá! Gbàkà ń fi orí rìn!" Mo gbà á, mo wò ó. Òótọ́ ni. Adjamé dojú délẹ̀ pátápátá, ọ̀run wà nísàlẹ̀, àwọn aláàárù ń fi ẹsẹ̀ ru ẹrù wọn. O ní: "Pàpá, kí ló fà á?" Gbogbo Adjamé mọ̀ mí sí ẹni tí ìdáhùn kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ó tán. N kò jẹ́ kí o mọ̀, mo ní kí o dá lúnẹ́ẹ̀tì padà sórí àtẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé tó mọ ìdí tí Adjamé fi dojú délẹ̀. Oníwèé náà wò mí tìsàlẹ̀tòkè. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀?" ló wí.

Ìwé pupa kékeré yẹn ló fún mi. Òun ni kí o kọ́kọ́ kà, kì í ṣe òun ni kí o fojú fò. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé ìwé àwọn ọmọ lísẹ̀ ni, pé igun rẹ̀ sì jó nínú iná ìdáná ìyá rẹ. Kò sí èyí tó tún ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: pé ìmọ́lẹ̀ a máa lọ tààrà títí yóò fi kan dígí, pé níbẹ̀ ni yóò ti yà, pé ibi tí àwọn ìtànṣán bá ti pàdé kọjá ara wọn ni ayé ti ń dojú dé. Rúlà àti pẹ́ńsùlù ló ń fẹ́. Ẹni tí kò bá lè fà á lórí bébà, ọ̀dìnàtẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yín, yóò máa tàn án jẹ, yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

O lè ní báwo ni mo ṣe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjà tí n kò mọ inú rẹ̀, n kì í gbé e wọlé. Mẹ́tìrì Dosù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Anoumabo, ọmọ Àjàṣẹ́ bíi ti ọkọ rẹ, tó ti kọ́ni títí irun fi funfun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbé gbogbo ìwé yẹn lọ. Èmi gbé gbànja wá, òun gbé ẹnu wá. Yóò kà, yóò túmọ̀, èmi yóò bi í léèrè, yóò bínú, yóò tún un túmọ̀. Ìgbà tó bá yé mi ni màá tó gbé e sórí ibùsùn rẹ bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé e débẹ̀. Ìwọ rò pé atẹ́gùn ní ń gbé ìwé wọ ilé Nàgó.

Lẹ́yìn ti pupa, mú ìwé ìṣirò tí kò ní èèpo. O sunkún lórí rẹ̀. Mo sọ fún Mẹ́tìrì pé ìwé yìí ń pa ọmọ mi lẹ́kún, ó ní: "Alájì, ẹ jẹ́ kó sunkún. Kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ awò tí kò sunkún lórí èyí." Ó ní kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn tó ṣíwájú yín a máa jókòó ti ìtànṣán kan ṣoṣo, wọn a máa fi ìṣirò tẹ̀ lé e láti ojú dígí kan dé òmíràn bí ẹni ń tọpa èkúté, títí yóò fi jáde lódì kejì. Ẹ̀rọ yín ń ṣe é kí o tó ṣẹ́jú, mo gbọ́. Síbẹ̀, máa fi ọwọ́ ṣe ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tí kò bá lè ṣa obì fúnra rẹ̀, àwọn tó ń bá a ṣà á ni yóò máa jẹ obì rẹ̀.

Ìkẹta ni ti Jámánì. Má rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ. Mẹ́tìrì rìnrìn àjò lọ sílé lọ́jọ́ tí mo rí ìwé náà, mo ṣí i, àwòrán awò ló kún inú rẹ̀, awò tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí àlùbọ́sà lórí pákó. Mo ní ọmọ mi kò ní sùn lónìí. Mo gbé e wọlé, mo ń lu àyà. O ṣí i, o ní: "Pàpá, èyí kì í ṣe Faransé o." Mo ní kí ni. O ní Jámánì ni, o yí gbirigbiri lórí ẹní, o rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́. Inú bí mi, mo ní ìwé ni ìwé ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, èwo ni o fi ọwọ́ lò tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya? Àwòrán kì í sọ èdè. Ìwọ fúnra rẹ lo wá ṣàlàyé fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí pé lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bí dígí náà ṣe tẹ̀ tó, bí ó ṣe nípọn tó, irú dígí tó jẹ́, pé èèyàn lè mú un níbẹ̀, kó fà á síhìn-ín díẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún díẹ̀, títí yóò fi di tirẹ̀. Mẹ́tìrì náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé. Ó ní kò sí ẹni tó ń ya awò láti inú òfìfo, pé awò tí ẹlòmíràn ti ṣe, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ni gbogbo àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá dé bùró yẹn, ibi iṣẹ́ rẹ tuntun, má jókòó ti bébà funfun. Wá awò tí ẹnì kan ti ṣe ṣáájú rẹ, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì fi èyí sọ́kàn: ẹni tó mú awò ẹlòmíràn tó tún un ṣe, tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tó bẹ́ẹ̀ láti yangàn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí awò níbẹ̀ kí òun tó dé.

Ìwé dúdú ńlá ni kí o kà tẹ̀ lé e, má kánjú kà á. Mẹ́tìrì ń pè é ní ìwé ẹ̀ṣẹ̀ awò. Kò sí awò tí kò lẹ́ṣẹ̀. Òmíràn kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan, òmíràn ń da òṣùmàrè sí etí nǹkan, òmíràn ń tẹ ògiri tó dúró ṣánṣán bí ọrun, òmíràn mọ́ láàárín tí etí rẹ̀ ṣú. Bí o bá tẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan mọ́lẹ̀, òmíràn yóò yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Iṣẹ́ rẹ kọ́ ni láti ṣe awò tí kò lẹ́ṣẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ni láti pín ẹ̀ṣẹ̀ náà kiri débi pé kò ní di ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́.

Fi èyí ṣe ilé ọkọ náà. Emanúẹ́lì ní tirẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe ń yọjú wo tẹlifóònù nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kó má baà yọ níbi tó burú jù. Èmi náà ní tèmi. N kò ní kà wọ́n fún ọ, mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ta sí, ti àwọn tó ń lọ dígí, máà fi í sílẹ̀. Ohun tí o bá yà tí ọwọ́ ẹni tó ń lọ dígí kò lè ṣe, àwòrán lásán ni. Lọ jókòó tì wọ́n, kí wọn kí ọ̀yàyà wà níbẹ̀, bi wọ́n ní ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Má fi bàtà gogoro àti bébà dúró lé wọn lórí.

Àwọn ìwé tuntun wà, èyí tó ń kọ́ni ní ẹ̀rọ. Pàtírọ̀n rẹ mọ̀ wọ́n, èmi kò mọ̀ wọ́n. Fi owó oṣù rẹ rà wọ́n. Ó dára kí èèyàn dúró lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀ níwájú oníwèé, kó fi owó tó fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn ra ohun tí kò mọ̀ bóyá yóò yé òun.

Èyí tó kù ni páálí.

Láti ìgbà tí o ti lọ sílé ọkọ, inú yàrá rẹ ló wà ní Anoumabo. O mọ bí ọ̀sà ṣe súnmọ́ wa, o mọ bí ògiri yẹn ṣe ń làágùn nígbà òjò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti kírun dé, màá gbé páálí náà jáde sí àgbàlá, màá tú u. Màá mú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbọ̀n ọ́n, màá wo ikùn rẹ̀, màá wo ẹ̀yìn rẹ̀, màá ṣí i kọjú sí oòrùn. Bó bá gbẹ, màá fi káńfọ̀ sí i, èyí tó wà nísàlẹ̀ á bọ́ sókè, èyí tó wà lókè á bọ́ sísàlẹ̀. Ìyá rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Rìsíkà, ẹ tún ti ń yí obì yín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Obì ń fẹ́ ìrì, ìwé ń fẹ́ oòrùn, ọwọ́ èèyàn ni àwọn méjèèjì ń fẹ́. Kò sí ihò kòkòrò kan lára wọn. Lọ bi àwọn tó ń gbé ilé gogoro bóyá ìwé tiwọn rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí o ní kí Emanúẹ́lì wá gbé bí àpò èédú nìyẹn.

Lẹ́yìn tó padà dé, o fi ohùn ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù mi: "Pàpá, ẹ má bínú jàre, eré ni mò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ ṣáà gbé e fún Emanúẹ́lì." N kò lè dá ohùn lóhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti Cocody dé Anoumabo, ọ̀nà náà kò tíì dí, gbàkà ṣì ń gbà á, tàbí kí o gbé mọ́tò yín.

Wá fúnra rẹ. Má kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ìkúnlẹ̀ kò wọ́n mi, gbogbo Adjamé ló ń kúnlẹ̀ kí mi. Mú ìyá ọkọ rẹ dání. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní kó wá jẹ ẹja tiwa náà. Bí a bá jẹun tán, gbé páálí jáde sí àgbàlá fúnra rẹ, tẹ́ ẹní, kó ìwé náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ fún un ní Faransé gíga yẹn, èyí tí o rò pé ó ga jù mí, pé àwọn ìwé tó wà nílé wa nìyí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti já ni a ti ń so ó. Lẹ́yìn ìyẹn, màá bá ọ gbé e dé inú mọ́tò, orúnkún tèmi kò dùn mí.

Bí o kò bá wá, n kò ní tà wọ́n. N kò ní jó wọn. Èmi kì í ṣe ìkà. Páálí náà yóò wà níbi tó wà, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án, èmi náà kò ní fọwọ́ kàn án. Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí mo bá kírun dé, màá jókòó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí mo tọ́ ni ọ́, o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí obì tí ẹnikẹ́ni kò yí.

Nígbà náà, irọ́ tí o pa níwájú ìyá ọkọ rẹ yóò di òótọ́. Kò ní sí ìwé nílé wa.

Bàbá rẹ,
Alájì Sàlámì, oní-lúnẹ́ẹ̀tì ti Adjamé